Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Òdòdó Létí Òkun

Òdòdó pópì máa ń là ní ìdájí. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àwọn awẹ́ rẹ̀ ti ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà olóròóró tí ayàwòrán fi ń yà á ní tirẹ̀ lè lo ọjọ́ mélòó kan, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ojú rẹ̀ tó gbẹ. Ibi tí iṣẹ́ ayàwòrán òdòdó ti le nìyẹn: ohun tó ń yà kì í pẹ́ kú, ohun tó fi ń yà á kì í tètè gbẹ. Bó bá tún wá jẹ́ etí òkun ló ń gbé, afẹ́fẹ́, kùrukùru, ọ̀rinrin àti ìmọ́lẹ̀ tí kì í dúró sójú kan á tún dá kún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ayàwòrán òdòdó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe, n kò ní sọ pé ó ń kun ọ̀dà. Kíkùn ló kéré jù níbẹ̀. Ó ń gbìn, ó ń dúró, ó ń jí ní ìdájí, ó ń gé, ó ń tò, ó ń wo bí òjìji ṣe ń yí. Kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan kánfáàsì, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti lọ. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, ibi tí mo sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù ni Appledore, erékùṣù olókùúta kan nínú òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bíi kìlómítà 10 sí etíkun New Hampshire àti Maine ní Amẹ́ríkà.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká yà sí Middelburg. Ìlú èbúté ni lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 17, ọkọ̀ òkun ń já ẹrù láti Éṣíà síbẹ̀, àwọn olówó ìlú náà sì ń gbin òdòdó ilẹ̀ òkèèrè sínú ọgbà wọn. Ibẹ̀ ni Ambrosius Bosschaert (1573–1621) ti sọ yíya òdòdó di iṣẹ́ tó ń bọ́ ilé. Nínú àwòrán rẹ̀, tùlíìpù àti róòsì máa ń wà nínú ìkòkò kan náà, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, tùlíìpù máa ń parí tirẹ̀ kí róòsì tó gba ìgbà. Ìdì òdòdó bẹ́ẹ̀ kò dúró lórí tábìlì ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí Bosschaert ń ṣe ni pé ó máa ya òdòdó kọ̀ọ̀kan sórí bébà nígbà tó bá là, á tọ́jú rẹ̀, tó bá wá di ìgbà àtitò, á mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí òdòdó kan náà, tó tẹ̀ síbi kan náà, fi máa ń yọjú nínú àwòrán rẹ̀ tó yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá rí èyí tó wà nílé ọnà Mauritshuis ní ìlú The Hague, tó yà ní nǹkan bí ọdún 1618, ẹ máa rí ìkarahun òkun lójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìkòkò òdòdó náà. Balthasar van der Ast, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fẹ́ràn ìkarahun jù ú lọ. Àwọn atukọ̀ ló ń kó wọn bọ̀ láti òkun ilẹ̀ Éṣíà, àwọn olówó sì ń fi owó gidi rà wọ́n. Lójú tèmi, ìdí mìíràn tún wà tí ayàwòrán fi máa ń fẹ́ wọn: ìkarahun kì í rọ. Bí òdòdó bá kú sí i lọ́wọ́, ìkarahun ṣì wà níbi tó gbé e sí.

Jan van Huysum (1682–1749), tó ń gbé ní Amsterdam, kò fara mọ́ ọ̀nà ti Bosschaert yẹn pátápátá. Òdòdó tó wà láàyè níwájú rẹ̀ ló fẹ́ máa wò. Ní 1742, ó kọ̀wé sí ọ̀tọ̀kùlú kan tó ń dúró de àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun kò tíì rí róòsì aláwọ̀ ìyeyè, pé ká ní òun rí i ni, iṣẹ́ náà ì bá ti parí. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀ wà ní National Gallery ní London, ọdún méjì ló kọ sára rẹ̀, 1736 àti 1737. Ohun tí ọdún kan kò mú wá, ó dúró di èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà méjì nìyẹn: kí ayàwòrán kó òdòdó pa mọ́ sórí bébà, tàbí kó dúró dè é. Ẹ̀kẹta ni ti Appledore, òun ló sì wù mí jù. Èyí ni pé kí ẹnì kan gbin òdòdó náà, kí ó gbìn ín lọ́nà tí àwòrán fi máa ti wà nínú ọgbà kí ayàwòrán tó dé.

Celia Thaxter ni obìnrin tó ṣe é. Wọ́n bí i ní 1835. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀, Thomas Laighton, gba iṣẹ́ àmójútó ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní White Island, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Isles of Shoals. Ní 1848, bàbá rẹ̀ ṣí hòtẹ́ẹ̀lì sí Appledore, tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù náà, àwọn òǹkọ̀wé, olórin àti ayàwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìgbà ooru níbẹ̀. Celia di akéwì tí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn kì í sábà rántí pé ayàwòrán ni òun náà, pé òdòdó ló ń yà, àti pé owó tó ń rí níbẹ̀ wúlò fún ilé rẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

Ọgbà rẹ̀ kò tóbi rárá. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ní gígùn, 15 ní fífẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù náà fẹ́lẹ́ lórí àpáta, ìjì òkun sì ń fẹ́ lu ohun gbogbo. Nítorí ìgbà otútù gígùn, kò lè dúró kí ilẹ̀ Appledore yọ́ kó tó gbin irúgbìn. Ìlú Portsmouth, lórí ilẹ̀ ńlá, ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á kó èèpo ẹyin jọ, á bu iyẹ̀pẹ̀ ọlọ́ràá sínú wọn, á gbin hóró pópì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ìgbà otútù bá lọ, á kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, ó di erékùṣù. Ọgbọ́n èèpo ẹyin yìí ní ìdí. Gbòǹgbò kan ṣoṣo tó gùn ni pópì máa ń ta sísàlẹ̀, bí ẹ bá sì fà á tu láti lọ́ ọ sí ibòmíràn, ó ṣeé ṣe kó má yè é. Nínú èèpo ẹyin, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan gbòǹgbò náà. Wọ́n á kàn fọ́ èèpo kúrò, wọ́n á gbé èhù náà tòun tiyẹ̀pẹ̀ sínú ihò.

Ìgbín àìníkarahun ni ọ̀tá ọgbà náà. Ní òru kan ṣoṣo, wọ́n lè jẹ èhù tí ènìyàn fi oṣù mẹ́ta tọ́jú tán. Thaxter ránṣẹ́ sórí ilẹ̀ ńlá pé kí wọ́n fi ọkọ̀ kó ọ̀pọ̀lọ́ wá fún òun. Wọ́n kó wọn dé nínú àpótí, ó sì tú wọn sílẹ̀ sínú ọgbà kí wọ́n máa fi ìgbín náà ṣe oúnjẹ. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé bí a bá dúró níwájú àwòrán pópì pupa kan nílé ọnà lónìí, ọ̀pọ̀lọ́ kò ní sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí wọn, àwòrán náà kò ní sí.

Gígé òdòdó tún ní ìmọ̀ tirẹ̀. Ìdájí ni, kí oòrùn tó mú. Ní gbogbo òru, gbòǹgbò ń fa omi sókè, ewé kò sì fi bẹ́ẹ̀ tú omi dànù, nítorí náà, ọ̀pá òdòdó kún fún omi nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́. Bí oòrùn bá ti wọlé, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, òdòdó tí wọ́n bá gé ní ọ̀sán yóò rọ kó tó dé inú ilé. Ti pópì tún wá le ju ti òdòdó mìíràn lọ, nítorí ó ní oje funfun tó ń ṣàn láti ojú ibi tí wọ́n ti gé e, tó sì lè dí ọ̀nà tí omi máa gbà. Àwọn kan máa ń fi iná jó ojú rẹ̀ díẹ̀ kí oje náà lè dì. Thaxter ní tirẹ̀ máa ń gbé ìkòkò gíga olómi lọ sínú ọgbà. Bó bá ti gé ọ̀kan, ojú ẹsẹ̀ ló máa tì í bọ omi dé ọrùn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya ìrudi rẹ̀ ló sì máa ń yàn, kì í ṣe èyí tó ti là tán, kí ó lè là sínú ilé.

Inú ilé ni iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tó ga jù wà. Nínú yàrá àlejò rẹ̀, ó to àìmọye ìkòkò gíláàsì kéékèèké sórí pẹpẹ àti tábìlì, púpọ̀ nínú wọn ni kì í gbà ju òdòdó kan tàbí méjì lọ. Kì í kó òdòdó pọ̀ mọ́ra. Ó máa ń tò wọ́n ní ìtẹ̀léra àwọ̀, láti funfun báláú, sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, sí pupa tó jinlẹ̀, títí tó fi máa dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹni tó bá wọlé á rí bí àwọ̀ kan ṣe ń di òmíràn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ohun tó jẹ́. Àwòrán ni, òdòdó ló fi yà á dípò ọ̀dà, ó sì máa ń tún un yà láràárọ̀.

Inú ọgbà àti yàrá yìí ni Childe Hassam wọ̀. Ọmọ Boston ni, wọ́n bí i ní 1859, ó sì ti ń yàwòrán fún ìwé àti ìròyìn kó tó di pé ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Paris láti 1886 sí 1889. Frederick ni orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀. Thaxter ló gbà á nímọ̀ràn pé kó yọ ọ́ kúrò, kó máa jẹ́ Childe Hassam, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe. Láti 1890, ọgbà Appledore di ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbà ooru. Títí di 1916 tó ń lọ síbẹ̀, àwòrán tó yà ní erékùṣù náà tó nǹkan bí 300.

Ẹ gbé ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ wò, *Poppies, Isles of Shoals*, tó yà ní 1891, tó wà ní National Gallery of Art ní Washington. Pópì gba gbogbo iwájú. Lẹ́yìn wọn ni àpáta funfun, lẹ́yìn àpáta ni òkun búlúù, ojú ọ̀run kò sì ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ lókè. Kò sí ọ̀nà, kò sí ènìyàn, kò sí ilé.

Kí ló dé tí pupa náà fi mú ojú tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé ọ̀dà rẹ̀ pupa ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísìrì tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìpaláró ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins ní Paris, ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1839. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé dúdú ilé iṣẹ́ náà kò dúdú tó. Chevreul yẹ aró wò, kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ó wá rí i pé àwọ̀ òwú tí wọ́n hun mọ́ dúdú náà ló ń sọ ọ́ di ràdàràdà lójú ẹni tó ń wò ó. Àwọ̀ méjì tó bá jókòó tira wọn máa ń yí ara wọn padà lójú wa, àwọn tó sì takora jù, irú pupa àti àwọ̀ ewé, máa ń gbé ara wọn ga. Aláró Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo tó ń wo bí funfun ṣe ń jáde lára àdìrẹ kò ní ṣe àríyànjiyàn sí èyí. Hassam fi ewé yí pupa ká, ó fi òkun sẹ́yìn, ó sì fi àpáta funfun pààlà àárín wọn kí wọ́n má bàa para wọn.

Ìmọ́lẹ̀ etí òkun tún ní tirẹ̀ láti ṣe. Lórí ilẹ̀ tó jìnnà sómi, òkè ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Létí òkun, ó ń ta padà láti ara omi, ó ń ta padà láti ara àpáta funfun àti iyanrìn, nítorí náà, òjìji kì í dúdú níbẹ̀. Búlúù díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹni tó bá po dúdú mọ́ ọ̀dà láti ya òjìji abẹ́ òdòdó létí òkun ti ba ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà jẹ́. Awẹ́ pópì sì tinrín tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, pupa rẹ̀ máa ń tàn, á sún mọ́ àwọ̀ ọsàn. Bí oòrùn bá wà níwájú rẹ̀, á tutù, á sì wúwo sí i. Òdòdó kan ṣoṣo lè ní oríṣi pupa mẹ́rin nínú lẹ́ẹ̀kan náà, ayàwòrán sì gbọ́dọ̀ po ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ayàwòrán lè ṣe gbogbo èyí níta ni túùbù. Kó tó dé, inú àpò tí wọ́n fi àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ni wọ́n ń tọ́jú ọ̀dà lílọ̀ sí. Wọ́n á dá a lu, wọ́n á fún un jáde, ìyókù á sì gbẹ. Ní 1841, John Goffe Rand, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ lórí túùbù onírin rírọ̀ tó ṣeé dé padà. Láti ìgbà náà, ayàwòrán lè ki gbogbo àwọ̀ tó fẹ́ sínú àpótí, kó wọkọ̀ ojú omi, kó sì jókòó sórí àpáta. Wọ́n máa ń so òkúta rọ̀ sábẹ́ igi tó gbé kánfáàsì dúró kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e lọ, wọ́n sì máa ń kọ ẹ̀yìn kánfáàsì sóòrùn tàbí kí wọ́n na agboorùn bò ó. Bí oòrùn bá ń tàn sójú kánfáàsì tààrà, gbogbo àwọ̀ á dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ jù, ayàwòrán á máa pò ó ṣókùnkùn sí i, ìgbà tó bá gbé e wọlé ló tó máa rí i pé àwòrán náà ti dúdú.

Bí wákàtí kan sí méjì bá ti kọjá, òjìji á ti sún. Kí ayàwòrán dáwọ́ dúró ló dára jù, kó padà wá lọ́la ní wákàtí kan náà. Ibí yìí ni ọgbà ti yanjú ìṣòro tí Bosschaert àti van Huysum ń bá jìjàkadì. Pópì tí Hassam rí lánàá ti kú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti là sí àyè rẹ̀. Ebè òdòdó náà wà láàyè bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tilẹ̀ ń kú. Nítorí náà, Hassam kò ya òdòdó kan lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìfàsẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì kúkúrú, nípọn, tó ya ara wọn sọ́tọ̀, ló ń lò, èyí tí kò jẹ́ ti pópì kan pàtó. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn kò ní rí ju àmì ọ̀dà lọ. Bó bá fà sẹ́yìn, á rí ebè òdòdó tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkánjú tàbí àṣà Paris lásán ló fa irú ìfàsẹ̀ yìí. Èmi gbà pé bí òdòdó náà ṣe ń gbé ayé ló kọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ń dá iṣẹ́ dúró ní tirẹ̀. Jan Purkyně, onímọ̀ ará Bohemia, ló ṣàkíyèsí ìdí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, òdòdó ló sì ń wò nígbà náà. Òdòdó tó pupa yòò lọ́sàn-án ń di dúdú lójú rẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ojú wa ló ń yí padà: nínú òkùnkùn díẹ̀, a máa ń rí búlúù àti àwọ̀ ewé dáadáa ju pupa lọ. Ayàwòrán pópì tó bá ń bá iṣẹ́ lọ ní àṣálẹ́ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Kì í ṣe pé omi kan ń fò kúrò lára rẹ̀. Òróró linseed tí wọ́n fi pò ó ń fa afẹ́fẹ́ ọ́síjìn mọ́ra, ó sì ń dì mọ́ra títí á fi di awọ líle. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Bí ayàwòrán bá fẹ́ kun ọ̀dà lé ọ̀dà, èyí tí òróró rẹ̀ kéré ló gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ lókè. Bó bá yí i padà, ìsàlẹ̀ á ṣì máa sún nígbà tí òkè ti le, àwòrán náà á sì sán.

Ọ̀dà olómi yàtọ̀. Lúbúlúbú àwọ̀ ni wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù àrábíìkì, oje igi akéṣíà, irú èyí tí wọ́n ń kó jọ ní Borno, Yobe àti Jigawa ní àríwá Nàìjíríà títí dòní. Funfun inú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀dà. Bébà fúnra rẹ̀ ni. Ayàwòrán á fi àyè sílẹ̀ fún ibi tó máa mọ́lẹ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí bó bá ti kun ibẹ̀ tán, ìmọ́lẹ̀ náà kò ní padà pátápátá. Níbi tí bébà bá ti tutù, àwọ̀ á tàn káàkiri fúnra rẹ̀, etí rẹ̀ á rọ̀. Níbi tó bá gbẹ, etí rẹ̀ á mú. Òdòdó máa ń fẹ́ méjèèjì: kí awẹ́ tó wà lẹ́yìn rọ̀, kí èyí tó yọ síwájú mú. Ní ọjọ́ tí kùrukùru bá bo erékùṣù, bébà kì í gbẹ bọ̀rọ̀, àwọ̀ kan á sì máa wọ inú òmíràn láìgba àṣẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa dúró, tàbí kó lo àìgbẹ náà fún kùrukùru tó ń yà.

Ìṣòro ọ̀dà olómi tó tóbi jù kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ máa ń ṣá. Àwọn pupa tó dára jù fún òdòdó, tí wọ́n ń fà jáde lára kòkòrò tàbí gbòǹgbò ewéko, ló sábà máa ń ṣá jù. Winslow Homer, tó gbé ní Prouts Neck létí òkun Maine láti 1883 títí tó fi kú ní 1910, ya àgbẹ̀ ọ̀dọ́ kan sábẹ́ ojú ọ̀run ní 1887. Àwòrán náà wà ní Art Institute of Chicago. Ojú ọ̀run rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá yẹ bébà náà wò ni wọ́n rí ìyókù pupa níbi tí wíwọ̀ oòrùn wà tẹ́lẹ̀. Ní 1888, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Russell àti Abney, tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn jáde pé ìmọ́lẹ̀ ń pa ọ̀pọ̀ ọ̀dà olómi, pé bí ọ̀rinrin bá wà níbẹ̀, ó ń yá kíákíá sí i, àti pé níbi tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kò bá sí, púpọ̀ nínú wọn kì í yí padà. Ẹ rò ó wò fún ẹni tó ń gbé àárín òkun. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ọnà kì í fi fún àwòrán orí bébà ní ìmọ́lẹ̀ tó ju nǹkan bí lux 50 lọ. Oṣù mélòó kan ni wọ́n á gbé e kọ́, wọ́n á sì dá a padà sínú àpótí tó ṣókùnkùn.

Àwọ̀ kan wà tí kì í ṣá, òun ló sì ń mówó wọlé fún Celia Thaxter. Ó ń ya òdòdó sára àwo àti ìkòkò tánganran, àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rẹ́ wọn ń rà á. Ó tún máa ń fi ọ̀dà olómi ya òdòdó sínú ẹ̀dà ìwé ewì rẹ̀ fún ẹni tó bá sanwó rẹ̀. Ti tánganran ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ó yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo ti sọ. Èròjà onírin ló ń fún un ní àwọ̀. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ lúbúlúbú gíláàsì tó tètè ń yọ́, wọ́n á fi òróró pò ó, ayàwòrán á yà á sórí dídán àwo tí wọ́n ti sun tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún sun ún nínú ààrò, ní nǹkan bí ìwọ̀n 700 sí 850 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gíláàsì náà á yọ́, àwọ̀ á wọ inú dídán àwo, wọ́n á di ọ̀kan. Ọ̀rinrin kò lè wọ ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan.

Ibi tó ti le ni pé àwọ̀ tí ayàwòrán ń rí nígbà tó ń yà á kọ́ ni èyí tó máa jáde nínú iná. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ti róòsì, wúrà ni wọ́n fi ń ṣe é, wúrà tí wọ́n sọ di hóró tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí iná bá kéré, á di ràdàràdà. Bó bá pọ̀ jù, á sún mọ́ àwọ̀ elésè àlùkò. Ẹni tó ń ya òdòdó sórí tánganran ń yà á nínú ìrántí: ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí iná máa ṣe kó tó gbé e síná. Lójú mi, kò tọ́ bí àwọn ìwé ọnà ṣe máa ń ka àwo wọ̀nyí sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin lásán, tí wọ́n á sì máa pe kánfáàsì Hassam ní ọnà. Ìmọ̀ tó wà nínú tánganran náà kò kéré rárá.

Ní ọjọ́ tí òjò tàbí ìjì kò bá jẹ́ kí ènìyàn jáde, ayàwòrán á yí padà sí ohun tó wà lórí tábìlì: ìgò, àwo, èso, ìkarahun, ẹja. Ẹja gan-an, ti òdòdó kò le tó tirẹ̀. William Merritt Chase, tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ooru fún àwọn ayàwòrán ní Shinnecock létí òkun New York láti 1891 sí 1902, gbayì fún ẹja yíyà. *An English Cod*, tó yà ní 1904, wà ní Washington. Dídán ara ẹja máa ń lọ láàárín wákàtí mélòó kan, nítorí náà, ọ̀dà tútù lórí ọ̀dà tútù ni wọ́n fi ń yà á, ní ìjókòó kan.

Fún iṣẹ́ inú ilé, àwọn ayàwòrán Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń wá yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá. Níbi tí wọ́n wà, oòrùn kì í gba ibẹ̀ wọlé tààrà, òjìji orí tábìlì kò sì ní máa rìn kiri. Àwọn kan ní ilẹ̀ wa ka èyí nínú ìwé, wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń bọ́ sí ìhà àríwá orí wa, á sì wọ inú fèrèsé àríwá náà. Aṣọ funfun tó fẹ́lẹ́ lójú fèrèsé ló máa ṣe iṣẹ́ tí ìwé náà ń sọ, fèrèsé ibikíbi tó bá jẹ́. Kí ẹni tó ń gbé ní Badagry tàbí Lẹkki sì má ṣe tọ́jú bébà ọ̀dà olómi sára ògiri tó kọjú sókun. Ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀, èbu á sì hù lára rẹ̀.

Thaxter kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1894. Ìwé rẹ̀, *An Island Garden*, tí Hassam yàwòrán sí, jáde ní ọdún yẹn náà, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa èèpo ẹyin, ọ̀pọ̀lọ́ àti gígé pópì sì wà nínú rẹ̀. Hassam ń padà lọ sí Appledore, àmọ́ àpáta àti omi ló wá pọ̀ nínú àwòrán rẹ̀, òdòdó dín kù. Ní 1914, iná jó hòtẹ́ẹ̀lì náà. Koríko bo ọgbà títí di àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn onímọ̀ Shoals Marine Laboratory, tí Yunifásítì Cornell àti ti New Hampshire jọ ń darí, tún un gbìn. Thaxter ti ya àtẹ ọgbà náà sínú ìwé, ó kọ orúkọ òdòdó tó wà ní ebè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Títí di báyìí, wọ́n máa ń tọ́jú èhù òdòdó náà lórí ilẹ̀ ńlá ní ìgbà otútù, wọ́n á sì fi ọkọ̀ kó wọn sọdá tí ilẹ̀ erékùṣù bá ti yọ́.